Fast SCSI sí T1: ìbéèrè kan, èsì mẹ́ta. Èwo ni kí a gbà?

Àkójọ-Àtijọ́ kọ̀wé:

Mo kí gbogbo yín. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi ni láti kó fáìlì kúrò lórí àwọn háàdì díìsìkì àtijọ́ tí a fi SCSI so mọ́ kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó bàjẹ́ tán, kí n sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí ibi ìpamọ́ mìíràn láti orí T1, ìlà dátà ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù. Mo ń kọ ìwé ètò iṣẹ́ náà, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá kà á lè fi ìyára díìsìkì wé ìyára ìlà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé báìtì (bíìtì 8) ni ìwé díìsìkì fi ń ka tirẹ̀, bíìtì sì ni ìwé ìlà fi ń ka tirẹ̀.

Ìwé Fast SCSI sọ pé mẹ́gábáìtì 10 ni ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo gbé iye yìí fún ẹ̀rọ ìyípadà ìwọ̀n mẹ́ta lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì ní kí wọ́n sọ iye T1 tó jẹ́ fún mi. Ọ̀kan sọ pé 51.81, èkejì sọ pé 54.33, ẹ̀kẹta sọ pé 62.42. Ìyàtọ̀ àárín èyí tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù lé ní ìdá márùn-ún, mi ò sì lè kọ ohun tí n kò lè gbèjà sínú ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ló tọ̀nà, kí ló sì fa ìyàtọ̀ yìí?

Oníṣirò kọ̀wé:

Kò sí èyí tó ṣi ìṣirò ṣe nínú wọn. Ohun tí kálukú wọn pè ní mẹ́gábáìtì àti ohun tí ó pè ní T1 ni kò dọ́gba. Ẹ jẹ́ kí n tú wọn palẹ̀.

Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ gbà pé mẹ́gábáìtì kan jẹ́ báìtì 1,000,000. Mẹ́gábáìtì 10 di bíìtì 80,000,000. Ó pín in pẹ̀lú 1,544,000, èyí tí í ṣe àpapọ̀ bíìtì tó ń kọjá lórí T1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì rí 51.81. Ẹ̀rọ kejì gbà pé mẹ́gábáìtì kan jẹ́ báìtì 1,048,576, ìyẹn 1,024 ní ìlọ́po 1,024. Tirẹ̀ di bíìtì 83,886,080, tí a bá sì pín in pẹ̀lú 1,544,000 kan náà, 54.33 ni. Ẹ̀rọ kẹta bẹ̀rẹ̀ láti 83,886,080 bíi ti ẹ̀rọ kejì, ṣùgbọ́n 1,344,000 ni ó fi pín in. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i lórí àtòjọ rẹ̀ pé T1 méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan fún sígínà, ọ̀kan fún ẹrù tí sígínà náà rù, tí ẹ sì mú ti ẹrù láìfura.

Ìdí tí 1,344,000 fi jẹ́ ẹrù T1 nílò ẹni tó mọ tẹlifóònù. Mo fi í sílẹ̀ fún wọn.

Onílà24 kọ̀wé:

Mo ti ṣiṣẹ́ lórí ìlà T1 fún ọdún púpọ̀, inú mi sì dùn pé ẹnìkan bi ìbéèrè yìí dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ ìwé ètò ni mo ti rí tí wọ́n kọ 1.544 sí láìbéèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ohùn ènìyàn ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Tẹlifóònù kì í gbé ohùn tó ga ju nǹkan bí hertz 3,400 lọ. Wọ́n fi àyè díẹ̀ kún un, wọ́n pè é ní 4,000, wọ́n sì ń wọn ohùn náà ní ìlọ́po méjì iye yẹn, èyí tí ó jẹ́ ìgbà 8,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọ́n ń fi bíìtì 8 kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ìgbà 8,000 pẹ̀lú bíìtì 8 fún wa ní 64,000, òun sì ni ikànnì ohùn kan, tí à ń pè ní DS0.

Nígbà tí Bell System, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù Amẹ́ríkà, gbé T1 jáde ní 1962, ikànnì 24 ni wọ́n kó pọ̀ sórí ìlà kan. Ikànnì kọ̀ọ̀kan mú bíìtì 8 wá, ó di 192, wọ́n sì fi bíìtì ẹyọ kan kún un kí ẹ̀rọ tó wà lódìkejì lè mọ ibi tí fírémù, ìyẹn ìdì bíìtì kọ̀ọ̀kan, ti bẹ̀rẹ̀. Fírémù kan wá jẹ́ bíìtì 193, ó sì ń kọjá ní ìgbà 8,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó fún wa ní 1,544,000 tí gbogbo ayé mọ̀. Bíìtì 8,000 tó jẹ́ ti àmì ìbẹ̀rẹ̀ fírémù kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni tó ń fi fáìlì ránṣẹ́. Tí a bá yọ ọ́ kúrò, 1,536,000 ló kù.

Níbo wá ni 1,344,000 ti wá? Lórí ìlà àtijọ́, ẹ̀rọ tẹlifóònù máa ń jí bíìtì tó kẹ́yìn nínú ikànnì kọ̀ọ̀kan ní gbogbo fírémù kẹfà-kẹfà, kí ó lè fi sọ fún ẹ̀rọ kejì pé wọ́n ti gbé fóònù tàbí pé wọ́n ti gbé e kalẹ̀. Etí kò lè gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀ nínú ohùn, ṣùgbọ́n fáìlì tí bíìtì kan ṣoṣo bá yí padà nínú rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìṣòro mìíràn tún wà níbẹ̀: bí òdo bá pọ̀ jù ní ìtẹ̀léra, ìlà náà kò ní ní ìró tí ẹ̀rọ òdìkejì yóò fi mọ àkókò mọ́. Nítorí ìdí méjèèjì, wọn kì í fi dátà sínú bíìtì kẹjọ rárá. Bíìtì 7 ní ìgbà 8,000 jẹ́ 56,000, ikànnì 24 bẹ́ẹ̀ sì jẹ́ 1,344,000.

Ìgbà tí ọ̀nà ìkọsígínà tí à ń pè ní B8ZS dé ni ọ̀rọ̀ yí padà. Dípò òdo mẹ́jọ tó tẹ̀léra, ó ń fi àpẹẹrẹ kan tí ó mọ̀ọ́mọ̀ rú òfin ìlà ránṣẹ́, ẹ̀rọ tó gbà á á sì dá a padà sí òdo mẹ́jọ. Bí wọn kò bá jí bíìtì lórí ìlà yín mọ́, tí B8ZS sì wà níbẹ̀, bíìtì 8 pátápátá ni tiyín, ẹrù yín sì jẹ́ 1,536,000.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni ìlà náà bóyá B8ZS ni wọ́n fi tò ó tàbí AMI, ọ̀nà ìkọsígínà àtijọ́ tí kì í pààrọ̀ òdo. Ìdáhùn wọn ni yóò yan nọ́ńbà fún yín.

OníBọ́ọ̀sì kọ̀wé:

Ẹ̀gbọ́n Onílà24 ti parí ti ìlà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti díìsìkì, nítorí pé ẹ̀rọ kejì àti ẹ̀kẹta ṣìnà níbẹ̀, mo sì yàtọ̀ sí Oníṣirò lórí èyí. Fún SCSI, 1,048,576 kò tọ̀nà.

Mẹ́gábáìtì 10 ti Fast SCSI kò wá láti inú ìwọ̀n fáìlì tàbí ti mẹ́mórì. Láti inú agogo ló ti wá. Agogo bọ́ọ̀sì náà, ìyẹn àwọn wáyà tó so díìsìkì mọ́ kọ̀ǹpútà, ń lù ní ìgbà 10,000,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wáyà dátà 8 ló sì wà níbẹ̀, nítorí náà báìtì kan ló ń kọjá ní ìlù kọ̀ọ̀kan. Báìtì 10,000,000 gééré ni. Agogo kò mọ 1,024. SCSI àkọ́kọ́, tí ìlànà rẹ̀ jáde ní 1986, ń lù ní mílíọ̀nù 5, ó sì ń gbé báìtì mílíọ̀nù 5. Nígbà tí wọ́n sọ wáyà dátà di 16, Fast Wide di 20, bí wọ́n sì ṣe ń mú iye ìgbà tí dátà ń kọjá pọ̀ sí i ni 40, 80, 160 àti 320 ń tẹ̀lé ara wọn.

Bákan náà ni ti IDE, ọ̀nà mìíràn tí a ń gbà so díìsìkì mọ́ kọ̀ǹpútà. Àwọn nọ́ńbà rẹ̀ rí wúruwùru títí ẹ ó fi mọ̀ pé àkókò ni ìlànà rẹ̀ kọ sílẹ̀. Ìpele ìyára rẹ̀ tí à ń pè ní PIO 0 fàyè gba nanosecond 600 (nanosecond kan jẹ́ ìdá bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá) fún ìgbésẹ̀ kan, PIO 4 fàyè gba 120, báìtì 2 ló sì ń kọjá ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ pín 2 pẹ̀lú 600, ẹ ó rí mẹ́gábáìtì 3.3 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ pín 2 pẹ̀lú 120, ẹ ó rí 16.7. Kò sí ibi tí 1,024 ti wọlé.

Nítorí náà, lójú tèmi, 51.81 nìkan ló ṣe ìpín sígínà sí sígínà bó ṣe yẹ. Tí ẹ bá fẹ́ ẹrù T1, bíìtì 80,000,000 ni kí ẹ pín pẹ̀lú 1,536,000, kí ẹ sì kọ 52.08.

Oníṣirò kọ̀wé:

Mo gbà pẹ̀lú OníBọ́ọ̀sì. Ó yẹ kí n ti rí i pé agogo ni orísun nọ́ńbà náà, mo sì dúpẹ́.

Kíákíá kọ̀wé:

Ẹ̀yin ọ̀gá, kí ló dé tí ẹ fi ń dá ara yín lágara? Ohun tí wọ́n kọ́ mi ni pé kí n pín bíìtì pẹ̀lú 10 kí n lè rí báìtì, kí n sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ó máa ń sún mọ́ òtítọ́ nígbà gbogbo.

OníBọ́ọ̀sì kọ̀wé:

Ẹni tó kọ́ ọ ní 10 kò purọ́, àbúrò, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó sọ ibi tí a ti ń lò ó. Ní ojú ìsopọ̀ kan, 10 kì í ṣe ìsúnmọ́, òun ni ìdáhùn gan-an.

Wo ojú ìsopọ̀ serial tí à ń so modem mọ́. Kí báìtì kan tó kọjá, bíìtì ìbẹ̀rẹ̀ kan yóò ṣáájú rẹ̀, bíìtì ìparí kan yóò sì tẹ̀lé e. Báìtì kan di bíìtì 10. Bíìtì 9,600 ní ìṣẹ́jú àáyá jẹ́ báìtì 960, kì í ṣe 1,200. SATA, ìsopọ̀ díìsìkì tó dé lẹ́yìn IDE, náà rí bẹ́ẹ̀ fún ìdí mìíràn: ọ̀nà ìkọsígínà rẹ̀, 8b/10b, ń fi bíìtì 10 gbé bíìtì 8 kí agogo má bàa sọnù lójú ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí SATA gígábíìtì 1.5 fi jẹ́ mẹ́gábáìtì 150. Ẹni tó bá pín in pẹ̀lú 8 yóò rí 187.5, yóò sì máa wá mẹ́gábáìtì 37.5 tí kò sí níbì kankan.

Ṣùgbọ́n SCSI oníwáyà púpọ̀ ní wáyà agogo tirẹ̀ lọ́tọ̀, kò fi bíìtì kankan kún dátà fún ìbáramu àkókò. Níbẹ̀, 8 ni. T1 pàápàá kò fi ìdá márùn-ún sígínà rẹ̀ ṣòfò bíi SATA. Bíìtì kan nínú 193 ló ń yọ. Tí o bá fi 10 ṣe ìṣirò fún àwọn méjèèjì yìí, wàá ṣì í.

Àkójọ-Àtijọ́ kọ̀wé:

Ẹ ṣeun gidigidi. Mo ti béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni ìlà, B8ZS ni, kò sì sí ikànnì ohùn kankan lórí rẹ̀. 1,536,000 ni mo máa lò.

Ìbéèrè méjì ló kù. Díẹ̀ nínú àwọn fáìlì náà wà lórí CD àtijọ́, ẹ̀rọ CD sì máa ń sọ̀rọ̀ ní 1×, 2×, 4×. Báwo ni mo ṣe máa yí 1× padà? Èkejì ni pé àpapọ̀ gbogbo fáìlì jẹ́ báìtì bílíọ̀nù 40. Wákàtí mélòó ni kí n kọ sínú ìwé ètò?

Onílà24 kọ̀wé:

Jẹ́ kí n mú ti CD, nítorí ó wà lára àwọn ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn ẹ̀rọ méjèèjì.

CD ń ka sẹ́kítọ̀ 75 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ní 1×, sẹ́kítọ̀ dátà kọ̀ọ̀kan sì gba báìtì 2,048. Ìyẹn jẹ́ báìtì 153,600. Ẹ wò ó dáadáa: 153,600 jẹ́ 150 ní ìlọ́po 1,024, nítorí náà kílóbáìtì 150 tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ CD jẹ́ ti 1,024, kò dà bíi ti SCSI. Ní bíìtì, ó jẹ́ 1,228,800. Ẹ fi wé ẹrù T1 yín, 1,536,000: ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún gééré ni, láìsí ẹ̀ṣẹ́kù. CD tó bá ń yí ní 1× lè gba orí T1 kan kọjá, kí àyè sì ṣẹ́kù.

CD orin ń mú bíìtì 1,411,200 jáde ní ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn ìwọ̀n 44,100, ìhà méjì, bíìtì 16 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn náà wọ inú 1,536,000, ṣùgbọ́n kò wọ inú 1,344,000. Nígbà tí àwọn tó ṣe ìlànà MPEG-1 ń yan ìyára fún fídíò, nǹkan bí mẹ́gábíìtì 1.5 ni wọ́n kọ sínú àkọlé ìlànà náà, èyí tó jáde ní 1993, wọ́n sì sọ pé ohun èlò ìpamọ́ dátà ni wọ́n ń ṣe é fún. Ìpamọ́ àti ìlà tẹlifóònù ti wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní ìyára yẹn.

Oníṣirò kọ̀wé:

Èmi á mú ti wákàtí.

Báìtì bílíọ̀nù 40 jẹ́ bíìtì bílíọ̀nù 320. Ẹ pín in pẹ̀lú 1,536,000, ẹ ó rí ìṣẹ́jú àáyá 208,333, èyí tó jẹ́ wákàtí 57 àti ìṣẹ́jú 52. Ṣùgbọ́n fáìlì kì í dá rìn. Bí ẹ bá fi TCP, ìlànà ìfiránṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, gbé e nínú páàkẹ́ẹ̀tì báìtì 1,500, báìtì 40 nínú rẹ̀ jẹ́ ti àdírẹ́sì àti nọ́ńbà ìtòlẹ́sẹẹsẹ, 1,460 ló sì jẹ́ ti fáìlì. PPP, ìlànà tó ń gbé páàkẹ́ẹ̀tì lórí ìlà, yóò fi nǹkan bí báìtì 8 yí páàkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ká. Báìtì 1,508 ló ń kọjá kí 1,460 tó dé, nítorí náà wákàtí 57 àti ìṣẹ́jú 52 di nǹkan bíi wákàtí 59 àti ìṣẹ́jú 46, bí páàkẹ́ẹ̀tì kankan kò bá sọnù lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí ó dá yín lójú pé bílíọ̀nù 40 ni lóòótọ́. Bí kọ̀ǹpútà yín bá kọ 40 GB, tó sì ń ka ní 1,024, báìtì 42,949,672,960 ni, ìrìnàjò náà yóò sì gùn sí i ju wákàtí mẹ́rin lọ.

OníBọ́ọ̀sì kọ̀wé:

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un kí 52.08 má bàa ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ìyára bọ́ọ̀sì nìyẹn, kì í ṣe ìyára díìsìkì. Mẹ́gábáìtì 10 ni ẹnu ọ̀nà lè gbà, àmọ́ ohun tó ń jáde láti orí àwo tó ń yí nínú díìsìkì lè kéré púpọ̀ sí i. Lórí bọ́ọ̀sì pàápàá, dátà nìkan ló ń kọjá ní ìyára yẹn. Àṣẹ àti ìfitónilétí ń lọ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rọ kan á béèrè, èkejì á dáhùn.

Ẹ wo àpẹẹrẹ ọ̀kan tí mo lè ṣírò pátápátá: díìsìkì ST-506 tó jáde ní 1980. Ìwé rẹ̀ sọ pé mẹ́gábíìtì 5 ní ìṣẹ́jú àáyá, ẹni tó bá sì yára pín in yóò sọ pé ó ju T1 mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n bí a ṣe sábà máa ń tò ó, sẹ́kítọ̀ 17 ló ń wà lórí òrùka kan, báìtì 512 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwo náà sì ń yí ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá. Báìtì 522,240 ni, ìyẹn bíìtì 4,177,920. Ìyókù wà nínú àlàfo àárín sẹ́kítọ̀, nínú àdírẹ́sì wọn àti nínú bíìtì àyẹ̀wò. Lórí ẹrù T1, ó jẹ́ 2.72. Díìsìkì ní fírémù tirẹ̀ bí ìlà ṣe ní.

Kíákíá kọ̀wé:

Ọ̀rọ̀ yẹn yé mi báyìí. Ṣé ohun kan náà ni fún OC-3, ìlà fáíbà ti àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù? Mo rí i pé Fast Wide SCSI jẹ́ mẹ́gábíìtì 160, OC-3 sì jẹ́ 155.52. Ṣé mo lè kọ ọ́ pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba?

Onílà24 kọ̀wé:

O lè kọ ọ́, bí o bá kọ ọ́ pé sígínà sí sígínà ni. Fírémù OC-3, tí STM-1, orúkọ ìyára kan náà nínú ìlànà àgbáyé, bá dọ́gba, jẹ́ ìlà 9 ní òpó 270, báìtì 2,430, ó sì ń kọjá ní ìgbà 8,000 gẹ́gẹ́ bíi ti T1. Òpó 9 nínú rẹ̀ jẹ́ ti àmójútó ìlà, òpó 1 sì jẹ́ ti àmójútó ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òpó 260 ló ṣẹ́ kù fún ẹrù, èyí tó jẹ́ mẹ́gábíìtì 149.76.

Má ṣe gbìyànjú láti rí T3 ní irú ọ̀nà yìí o. T3 kó T1 28 jọ, 28 ní ìlọ́po 1.544 sì jẹ́ 43.232, síbẹ̀ 44.736 ni ìyára rẹ̀. Agogo T1 kọ̀ọ̀kan máa ń yára tàbí kí ó falẹ̀ díẹ̀ ju ti èkejì lọ, nítorí náà wọ́n ń fi bíìtì òfìfo há àárín wọn kí gbogbo wọn lè jọ rìn. Mẹ́gábíìtì 1.504 tó lé yẹn wà fún ìyẹn àti fún àmì fírémù.

Àkójọ-Àtijọ́ kọ̀wé:

Ohun tí mo kọ sínú ìwé ètò nìyí. Bọ́ọ̀sì Fast SCSI, báìtì 10,000,000 ní ìṣẹ́jú àáyá, dọ́gba pẹ̀lú sígínà T1 51.81, tàbí ẹrù T1 52.08 lórí ìlà B8ZS. Mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé bọ́ọ̀sì ni, kì í ṣe díìsìkì. Àkókò ìfiránṣẹ́ fún báìtì bílíọ̀nù 40 jẹ́ wákàtí 59 àti ìṣẹ́jú 46, mo sì ti yẹ iye báìtì náà wò ní ẹyọ-ẹyọ. Nítorí pé ibi ìpamọ́ kan wà tó ń lo E1, irú ìlà T1 ti Yúróòpù, mo fi ìlà kan kún un: E1 jẹ́ ikànnì 32, ẹrù rẹ̀ jẹ́ ikànnì 30, 1,920,000, àkókò rẹ̀ sì jẹ́ wákàtí 47 àti ìṣẹ́jú 49.

Onílà24 kọ̀wé:

Ó dára gan-an, àfi ti E1. Ikànnì 30 jẹ́ ti ìpè ohùn. Ikànnì 0 ni àmì fírémù ń lò, ikànnì 16 sì wà fún ìfitónilétí ìpè. Nígbà tí kò bá sí ìpè kankan lórí ìlà, tí wọ́n sì tò ó fún dátà nìkan, ẹ lè gba ikànnì 16 náà. Ẹrù yín di ikànnì 31, 1,984,000, àkókò náà sì di nǹkan bíi wákàtí 46 àti ìṣẹ́jú 17. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe tò ó kí ẹ tó yí i padà.

Àkójọ-Àtijọ́ kọ̀wé:

Mo ti béèrè. Ikànnì 31 ni. Mo ti tún un kọ.